Aláàmù Gáàsì Tí Ẹ Kò Dán Wò, Ẹ Má Sùn Tì Í: Ọ̀rọ̀ Fún Àwa Tí Ń Fi Èédú Tọ́ Òròmọdìyẹ

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kì í ṣe ti adìyẹ nìkan.

Láti Command wọ Ìpájà, dé Àyọ̀bọ́, dé Mẹ́ìrán, títí lọ sí Ìgàndò àti Ìkọ̀tún, ilé tí wọ́n ti ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé pọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Èkó, 1,277,714 ènìyàn ni wọ́n kà níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, èrò ń pọ̀ sí i ni, ilẹ̀ sì ń wọ́n sí i. Àgbẹ̀ tó ní pulọ́ọ̀tì kan á fi ìdajì kọ́lé, á fi ìdajì sin adìyẹ, yàrá òròmọdìyẹ á wá fara ti yàrá tí ènìyàn ń sùn. Iná NEPA kò ṣe é gbọ́kàn lé, gáàsì ìdáná wọ́n, èédú ló kù tí ọ̀pọ̀ wa ń fi mú òròmọdìyẹ móoru ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. A ó fi tapólì dí fèrèsé kí òtútù má wọlé, a ó gbé ìkòkò èédú sí àárín, ọmọ iṣẹ́ kan á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó lè máa ko èédú kún un láàárín òru.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí.

Àwọn àgbẹ̀ kan ti ń ra aláàmù tó ń ṣọ́ gáàsì olóró tó ń jáde lára èédú, a sì yìn wọ́n fún un. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò dùn mọ́ wa. Wọ́n á rà á, wọ́n á kàn án mọ́ ibi tí ìṣó bá ti wọlé, ó parí. Kò sẹ́ni tó tún bi í pé báwo ni. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ á wá fọkàn balẹ̀ sùn.

Èrò tiwa rèé, a ò ní fi bò: aláàmù tí a kò gbé síbi tó yẹ, tí a kò sì fi gáàsì tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán wò, ó léwu ju kí a má ní rárá lọ. Ẹni tí kò ní aláàmù á máa ṣọ́ra, á ṣí fèrèsé. Ẹni tó ní, tó sì gbẹ́kẹ̀ lé e, á ti fèrèsé pa.

GÁÀSÌ WO NI?

Carbon monoxide lorúkọ rẹ̀, CO la máa pè é níhìn-ín. Tí èédú, igi, pẹtiróòlù, dísù tàbí gáàsì ìdáná bá ń jó tí atẹ́gùn kò tó o, CO á jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú. Àwa Yorùbá mọ̀ pé èéfín kì í fara pamọ́, bí a bá bò ó, á rú jáde. CO kì í ṣe èéfín yẹn. Òun mọ ọ̀nà à ń fara pamọ́.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé, "A ti jẹ́ kí èédú pọ́n dáadáa níta ká tó gbé e wọlé, èéfín rẹ̀ ti tán." Èyí tó ń ta ojú ló tán. Èédú tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, tí kò rú èéfín kankan, ó ṣì ń tú CO jáde títí tó fi máa di eérú. Kódà, torí pé kò ta wá lójú mọ́ la ṣe ń gbé e sún mọ́ra.

Bó ṣe ń pani nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú kiri ara. CO máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí atẹ́gùn yẹ kó jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀, agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn sì ju ti atẹ́gùn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bíi dánfó tí àwọn tí kò sanwó ti gba gbogbo ìjókòó inú rẹ̀: èrò gidi wà ní bọ́sítọ́ọ̀bù, àmọ́ kò ríbi wọ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, inú á máa ru, ẹsẹ̀ á rọ. Ibà la máa pè é. Tí ènìyàn méjì tó sùn nínú yàrá kan náà bá jí pẹ̀lú "ibà" kan náà, tí ara wọn sì balẹ̀ nígbà tí wọ́n ti jáde síta fún wákàtí díẹ̀, ẹ fura sí CO kí ẹ tó lọ ra oògùn ibà. Ẹni tó bá sì ti sùn lọ fọnfọn lè má jí mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọ̀dọ́ méje ni wọ́n bá ní òkú nínú ilé ìgbohùn-orin-sílẹ̀ kan ní Yenagoa, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí. Kì í ṣe ilé adìyẹ, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni: yàrá tí a dí, ohun tó ń jó, ènìyàn tó ti sùn. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ń gbé "I pass my neighbour" sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí olè má bàa gbé e, ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja àrọ̀ nínú ilé tí kò ní ihò èéfín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín bó ṣe kan ẹni tó ń sin adìyẹ.

"ÀWỌN BÀBÁ WA LO ÈÉDÚ, KÒ PA WỌ́N"

A máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òótọ́ ni pé ojoojúmọ́ làwọn bàbá wa ń dáná igi àti èédú. Àmọ́ irú ilé wo ni wọ́n ti dá a? Ilé ìdáná wọn dá wà ní ẹ̀yìnkùlé, koríko tàbí páànù tó ní àlàfo ni òrùlé rẹ̀, ògiri rẹ̀ kì í dé òkè. Atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde. Ilé tiwa lónìí, búlọ́ọ̀kù ni, a rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì, a fi síílìn PVC dí òkè, a tún wá fi tapólì dí ìwọ̀nba fèrèsé tó kù. Iná kò yí padà, ilé ló yí padà.

Ẹyẹ gan-an mọ gáàsì yìí ṣáájú wa. Ní Britain, ní ọdún 1896, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ John Scott Haldane yẹ òkú àwọn awakùsà tó kú nígbà tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ níbi ìwakùsà èédú ní Tylorstown, ní ilẹ̀ Wales. Ó rí i pé CO ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ìbúgbàù náà. Òun ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa gbé ẹyẹ kékeré wọnú ihò ìwakùsà, torí ẹyẹ ń mí kíákíá ju ènìyàn lọ, gáàsì á tètè mú un. Tí ẹyẹ bá ṣubú, kí awakùsà sá jáde. Ẹyẹ ni wọ́n lò títí di ọdún 1986 kí ẹ̀rọ tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn pátápátá.

Ẹyẹ tiwa náà ń sọ̀rọ̀. Àwa ni a kì í gbọ́. Tí òròmọdìyẹ bá ń tòògbé, tí wọ́n ń la ẹnu mí, tí a wá bá òkú wọn lówùúrọ̀ yí ìkòkò èédú ká, ẹni tó ta òròmọdìyẹ la kọ́kọ́ ń bá jà, tàbí ẹni tó fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lóòótọ́, àrùn lè fà á. Àmọ́ tí dókítà ẹranko bá la òkú adìyẹ tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, CO ni kó kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ronú pé ènìyàn náà sùn nínú yàrá yẹn.

ALÁÀMÙ ILÉ ÀTI Ẹ̀RỌ TÍ A KÀN MỌ́ ÒGIRI FÚN IṢẸ́

Oríṣi méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni aláàmù kékeré tí wọ́n ṣe fún ilé gbígbé. Bátìrì ló ń lò. Kò ní ohun tí a fi ń tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe: bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ìkejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri pẹ̀lú wáyà, tó ń kọ iye gáàsì tó wà nínú afẹ́fẹ́ sójú rẹ̀, tó lè tan fáànù fúnra rẹ̀, tó sì lè fọn fèrè níta. Èyí ni wọ́n ń tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe látìgbàdégbà. Oko tó ní òròmọdìyẹ púpọ̀, tó ń tọ́ wọn láti ìpele dé ìpele, ìkejì yìí ló yẹ ẹ́.

ppm ni wọ́n fi ń wọn CO. 1 ppm túmọ̀ sí ife CO kan nínú ife afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan. Ẹ wo òfin tí wọ́n fi ń ṣe aláàmù ilé ní Yúróòpù, EN 50291:

– Tí CO bá wà ní 30 ppm, aláàmù kò gbọdọ̀ ké kó tó pé ìṣẹ́jú 120.
– Ní 50 ppm, yóò ké láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90.
– Ní 100 ppm, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 40.
– Ní 300 ppm, kó tó pé ìṣẹ́jú 3.

Ẹ tún ìlà àkọ́kọ́ kà. Tí 25 ppm bá wà nínú yàrá láti alẹ́ dòwúrọ̀, aláàmù tó dára, tó pé, lè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní ọdún 2010 pé fún wákàtí 8, kí CO inú ilé má kọjá mílígíráàmù 10 nínú afẹ́fẹ́ mítà onígun mẹ́ta kan, ìyẹn nǹkan bíi 9 ppm. Wọ́n ṣe aláàmù kí ènìyàn má bàa kú lójijì. Wọn ò ṣe é láti sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ dára tó ká sùn nínú rẹ̀. Bí aláàmù bá dákẹ́, ìyẹn ò tíì túmọ̀ sí "ẹ máa sùn". Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú yàrá tí èédú ti ń jó, aláàmù wà o, kò sí o.

IBI TÓ YẸ KÓ WÀ

Àwọn kan gbà pé CO wúwo, pé ilẹ̀ ló ń lọ. Àwọn mìíràn ní òkè àjà ló ń sá sí. Ìwọ̀n CO àti ti afẹ́fẹ́ súnmọ́ra gan-an, CO fi díẹ̀ fúyẹ́. Ṣe ló ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ inú yàrá, ooru iná sì ń gbé e sókè díẹ̀. Fún ìdí yìí:

1. Ẹ kan ẹ̀rọ náà sí ìwọ̀n ibi tí imú ènìyàn wà, nǹkan bíi mítà 1.5 sílẹ̀. Ilé tó kan yàrá òròmọdìyẹ, tí ènìyàn ń sùn sí, kí ó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ní ìwọ̀n ibi tí orí ẹni tó sùn wà.

2. Kí ó jìnnà sí ìkòkò èédú tó mítà 1 sí 3. Ẹ má kàn án sí òkè iná gan-an, ooru á bà á jẹ́.

3. Ẹ má kàn án sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé tàbí iwájú fáànù. Atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ sí i lójú, á máa sọ pé gbogbo ilé ló dára, nígbà tí ibi tí ọmọ iṣẹ́ wà kò dára.

4. Ẹ má fi í sẹ́yìn tapólì, ẹ má fi í sí kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Ẹ má sì fi í síbi tí omi ìfọlé á ti ta sí i.

5. Kí iná rẹ̀ má jẹ́ ti NEPA nìkan, kó má sì jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀ nìkan. Kí bátìrì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òru tí iná lọ gan-an ni èédú ń pọ̀ jù.

6. Kí fèrè rẹ̀ wà níta, níbi tí ẹlòmíràn á ti gbọ́. Ẹni tí CO ti mú lè gbọ́ ariwo kí ẹsẹ̀ má gbé e dìde.

FÍFI Ẹ̀RỌ SÍ ÌWỌ̀N: Ẹ̀YIN ỌLỌ́JÀ LẸ MỌ̀ Ọ́N JÙ

Gbogbo ọlọ́jà ló mọ kọ́ńgò tí wọ́n lù nídìí sínú. Ojú kì í tètè mọ̀ ọ́n, àpò ló ń mọ̀ ọ́n. Sìkéèlì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo la ṣe ń mọ sìkéèlì tó dára? A ó kọ́kọ́ wò ó lófìfo, bóyá òdo ló wà. Lẹ́yìn náà, a ó gbé irin tí a mọ̀ pé kílò kan ni lé e, a ó wò ó bóyá kílò kan ló máa sọ. Nǹkan méjì yìí náà ni wọ́n ń ṣe fún ẹ̀rọ CO.

Ti àkọ́kọ́ ni òdo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ti wà lórí iná fún àkókò tí ìwé rẹ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ tó mọ́ pátápátá, kí ẹ tó sọ fún un pé "òdo nìyí". Àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí wà níhìn-ín. Tí ẹni tó wá tún un ṣe bá tẹ òdo nígbà tí èédú ń jó lọ́wọ́ tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń dún nítòsí, ó ti kọ́ ẹ̀rọ pé afẹ́fẹ́ olóró ni afẹ́fẹ́ tó mọ́. Tí 40 ppm bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó pè é ní òdo, ọjọ́ tí CO bá di 100, ẹ̀rọ á máa kọ 60. Gbogbo òru ló máa fi purọ́, láìmọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Nítorí náà, ìgbà tí ilé ṣófo, tí kò sí iná kankan, tí fèrèsé wà ní ṣíṣí ni kí ẹ ṣe é. Bí afẹ́fẹ́ àdúgbò kò bá dára, kí onímọ̀ lo afẹ́fẹ́ mímọ́ inú sílíńdà.

Ìkejì ni ìwọ̀n tí a mọ̀. Sílíńdà kékeré kan wà tí wọ́n ti po CO mọ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí a mọ̀, bí àpẹẹrẹ 100 ppm. Wọ́n á fi ìdérí kékeré bo ojú ẹ̀rọ, wọ́n á jẹ́ kí gáàsì náà máa ṣàn sí i díẹ̀díẹ̀, lítà ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́. Tí ohun tó ń kọ bá ti dúró sójú kan, tó bá kọ 100, ó dára. Tó bá kọ 80, wọ́n á tún un ṣe títí á fi kọ 100. Tí kò bá gòkè rárá, ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ń mọ gáàsì ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Sílíńdà yìí náà ní ọjọ́ tó máa lò dà, ẹ wò ó lára rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Irin tó ti jẹrà kò ṣe é fi dán sìkéèlì wò.

Àwọn kan máa ń gbé èédú tàbí ẹnu sálẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á ní, "Ó ké, ó dára." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye gáàsì tó jáde níbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ppm, tó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Bọ́tìnì "Test" ara aláàmù ilé ńkọ́? Bátìrì àti fèrè ló ń dán wò. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ṣe pàtàkì, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ aláàmù, kò lè sọ fún yín bóyá ibi tó ń mọ gáàsì ṣì wà láàyè.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀ NÍNÚ ILÉ ADÌYẸ

Ilé adìyẹ kì í ṣe ọ́fíìsì. Eruku oúnjẹ àti ìyẹ́ adìyẹ ń dí ojú ẹ̀rọ. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń burú sí i. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má fi ọṣẹ tàbí sípíríìtì fọ̀ ọ́, torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè mú kó ké lásán tàbí kó ba inú rẹ̀ jẹ́. Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ tó ń ta imú náà ń bá a jà, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ ká máa kó ìgbẹ́ ní kíákíá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fọ́málìn fín ilé kí òròmọdìyẹ tuntun tó dé, ẹ bo ojú ẹ̀rọ pa tàbí kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fín in. Ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹ ti bò ó, kí ẹ má bàa gbàgbé. Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti mọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ sì fi gáàsì inú sílíńdà dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìmọ̀ràn wa lórí ọjọ́: ẹ má fi í sí oṣù tí ẹ máa gbàgbé, ẹ so ó mọ́ òròmọdìyẹ. Gbogbo ìgbà tí òròmọdìyẹ tuntun bá ń bọ̀, ẹ fi gáàsì dán ẹ̀rọ wò kí páálí àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán, kí onímọ̀ tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pátápátá, àyàfi tí ìwé rẹ̀ bá ní kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi gègé tí omi kò lè pa kọ ọjọ́ náà àti ohun tó kà sí ara rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé rí i.

Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ títí ayé. Ibi tó ń mọ gáàsì nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ máa ń lò tó ọdún 2 sí 3, aláàmù ilé lè lo ọdún 5 sí 10, ọjọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó kọ́kọ́ yí i padà wo ọjọ́ yẹn. Tí ọjọ́ ti kọjá, tàbí tí wọ́n ti ha á kúrò, kí ó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń tà á, ẹ má ta òkú aláàmù fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí là. Èrè ibẹ̀ kò tó nǹkan.

OWÓ DÀ?

A mọ̀ pé ìbéèrè yìí ló wà lọ́kàn yín. Oúnjẹ adìyẹ ń wọ́n, òròmọdìyẹ ń wọ́n, a wá ní kẹ́ ẹ tún ra sílíńdà gáàsì. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ.

Ohun àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lókè tapólì ní ìhà méjì, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kó gba ìkejì jáde. Kí ọmọ iṣẹ́ má sùn síbẹ̀. Kó wá koná, kó wo adìyẹ, kó jáde padà. Kí jẹnẹrétọ̀ wà níta gbangba, ó kéré tán mítà 6 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí sálẹ́ńsà rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ẹ̀rọ kankan kò lè rọ́pò àwọn nǹkan yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni aláàmù ilé fún yàrá tí ènìyàn ń sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ iṣẹ́ fún ẹni tó ní oko tó tóbi.

Sílíńdà ìdánwò ńkọ́? Ibí yìí la ti fẹ́ bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ kan kò nílò sílíńdà kan fúnra rẹ̀, ìdánwò kan kì í pẹ́, sílíńdà kan sì lè dán ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. À ń dá èsúsú fún aṣọ ẹbí, à ń dá àjọ fún oúnjẹ adìyẹ. Kí ló dé tí àgbẹ̀ mẹ́wàá ní àgbègbè Command kò lè dá owó ra sílíńdà kan, kí wọ́n rán ọ̀dọ́ méjì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí àwọn méjèèjì máa lọ láti ilé dé ilé kí òròmọdìyẹ tó dé? Ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń lo jẹnẹrétọ̀. Ẹgbẹ́ tó lè pe ìpàdé lórí owó ẹyin lè pe ìpàdé lórí èyí.

Ní England, òfin ti ọdún 2022 sọ pé onílé tó ń gba owó ilé gbọ́dọ̀ fi aláàmù CO sí yàrá tó bá ní ohun ìdáná tí a kàn mọ́ ilé, bíi ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé gbóná, àyàfi sítóòfù ìdáná oúnjẹ. Òfin níbẹ̀ ń ti onílé. Nílé wa, ẹgbẹ́ ló máa ti ara rẹ̀.

TÓ BÁ KÉ

Ẹ jáde. Ẹ má dúró wá ohun tó fà á, ẹ má yọ bátìrì rẹ̀ torí pé ariwo pọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti tapólì bí ẹ ṣe ń jáde. Tí ènìyàn bá wà nínú ilé, ẹ ṣí gbogbo ilé sílẹ̀ ná, kí ẹni tó máa wọlé fà á jáde má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ pe 112 tàbí 767, Èkó ló ń lò wọ́n fún pàjáwìrì.

Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Inú ẹ̀jẹ̀ ni májèlé yìí wà, kì í ṣe inú ikùn, epo kò lè débẹ̀. Ẹni tó ti dákú tí a bu epo sí lẹ́nu, epo lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀síjìn ni oògùn rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 kí ìdajì CO tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀síjìn ilé ìwòsàn, ó lè má ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Kódà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ ni, kí wọ́n má bàa máa tọ́jú ibà.

Ẹ̀yin tí òròmọdìyẹ yín ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ wo ẹ̀yìn aláàmù yín lónìí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ kàn án sí, ẹ bi ara yín pé ìgbà wo lẹ fi gáàsì dán an wò kẹ́yìn. Tí kò bá sí ìdáhùn, ẹ gbé ẹní ọmọ iṣẹ́ yẹn jáde nínú yàrá náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín. Ẹni tó ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, a ó dáhùn. Ẹgbẹ́ tó bá ti dá owó ra sílíńdà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe ń lọ kí àwọn tó kù lè kọ́ ọ. Òròmọdìyẹ yín á dàgbà, ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ yín náà á wà láyé tà á.